Tọ́bò HX35 lórí DAF 45: ṣé kí n yí wéésìgéètì padà ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

ỌmọAjílété · Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọkọ̀ yìí tó kó mi sí gbèsè.

DAF 45 ni mo ń wà. Ẹ́ńjìnnì Cummins 6BT ló wà nínú rẹ̀, sìlíńdà mẹ́fà, lítà 5.9. Iṣu àti gàrí ni mo ń kó láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, tọ́bò àtijọ́, ìyẹn fáànù tí èéfín ń yí kó lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, mo bá ra Holset HX35W tòkúńbọ̀ torí wọ́n ní ó tóbi ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n gbé e wọlé, ó jókòó dáadáa. Àfi ìgbà tí mo di ẹrù tán tí ọkọ̀ ò lè fà. Gẹ́ẹ̀jì afẹ́fẹ́ tí mo so mọ́ manifóòdù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, kì í kọjá 12 psi.

Mẹkáníìkì mi ní wéésìgéètì, ilẹ̀kùn kékeré ara tọ́bò tó ń jẹ́ kí èéfín tó bá pọ̀ jù gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ló ń tètè ṣí. Ó mú sípánà 10, ó tú nọ́ọ̀tì tó wà lára ọ̀pá tó ń ṣí i, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀pá lè kúrú. Ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i, a dé 15.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ti kọjá odò Ọbà, mo ń gùnkè, ni mo gbọ́ "gbòlà!" lábẹ́ kábíìnì. Èéfín dúdú bo títì, ọkọ̀ rọ. Róbà ńlá tó ti íńtákúlà, ìyẹn ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára, wá sẹ́nu ẹ́ńjìnnì ló ya. Mo ra tuntun, a fi kílíìpù oní-bóòtì dè é pinpin. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ tọ́rótù, ọwọ́ gẹ́ẹ̀jì á fò dé 33, 34. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ pé kí n dá a padà ni, apá ibo ni wọ́n ń yí i sí, kí ni mo sì máa fi mọ̀ pé ó ti tó?

Atẹná_Akẹ̀sán · Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Ọkọ̀ rẹ lágbára, o wá ń sunkún! Èmi ò tiẹ̀ yí ọ̀pá kankan. Róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú agolo ẹ̀gbẹ́ tọ́bò, èyí tó ń ti ọ̀pá yẹn, mo yọ ọ́, mo ki bóòtì 6 bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi kílíìpù dè é. Ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́ láéláé. Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí, sìmẹ́ńtì ni mo sì ń kó. Gbàgbé gẹ́ẹ̀jì, máa jẹun rẹ.

Baba911 · Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Atẹná, oríire lò ń wà, kì í ṣe ọkọ̀.

ỌmọAjílété, àbúrò mi, mẹkáníìkì rẹ ti ṣe bí oríkì ìlú wa ṣe wí: ó jẹkà kó tó mùkọ yangan. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò ni bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Róbà yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti ń jò láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé tọ́bò yìí wọlé, lábẹ́ kílíìpù níbi tí ojú ò tó.

Gbọ́ bó ṣe rí. Agolo wéésìgéètì, ẹnu tọ́bò gan-an ló ti ń gba afẹ́fẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ṣáájú ibi tó ń jò. Gẹ́ẹ̀jì rẹ wà ní manifóòdù, lẹ́yìn ibi tó ń jò. Tọ́bò lè máa fẹ́ 18, kí agolo rí 18 kó ṣílẹ̀kùn bó ṣe yẹ, kó sì jẹ́ pé 12 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ìyókù ń lọ sí ìta. Ẹ wá rò pé ilẹ̀kùn ló ń tètè ṣí, ẹ sì fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Nígbà tí ẹ wá dí ibi tó ń jò, gbogbo ohun tí ẹ ti fún pọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Leyland ṣì ń to ọkọ̀ níbẹ̀, Mercedes 911 ló kún títì, èyí tí wọ́n ń tò ní Ẹnúgu. Ẹ́ńjìnnì OM352 inú rẹ̀ ò ní tọ́bò rárá. Kò sí ọ̀pá tí ẹnikẹ́ni máa fún pọ̀, ọkàn wa balẹ̀.

Kí n tó dáhùn ìbéèrè rẹ, dá mi lóhùn: èéfín rẹ, àwọ̀ wo ni? Ǹjẹ́ o ní gẹ́ẹ̀jì tó ń ka ooru èéfín? Ẹnikẹ́ni ha fọwọ́ kan pọ́ǹpù epo bí?

ỌmọAjílété · Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èéfín dúdú ni bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́rótù, ó máa ń ki títí gẹ́ẹ̀jì á fi kọjá 20, lẹ́yìn náà á fúyẹ́. Gẹ́ẹ̀jì ooru, mi ò ní.

Ní ti pọ́ǹpù... wọ́n yí súkúrù kan lára rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ò lágbára. Ó ní kí epo pọ̀ díẹ̀. Wáyà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òjé dì, ó gé e kó tó rí i yí.

ÌyáNọ́sù_Owódé · Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Háà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lánàá, mò ń dúró de ẹni tó máa dárúkọ pọ́ǹpù. Ẹ kú iṣẹ́, Baba911, ẹ̀yin lẹ bi í.

Ọmọ mi, òjé tí wọ́n gé yẹn, àwa tó ń to pọ́ǹpù la máa ń fi sí i. Ó túmọ̀ sí pé a ti gbé pọ́ǹpù náà sórí ẹ̀rọ, a ti wọn epo tó ń fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ó sì dọ́gba. Ẹni tó bá gé e, tó wá fi súkúdíráfà yí súkúrù níwọ̀n-ọ̀n-wọ̀n, ojú lásán ló fi ń wọn epo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwa ènìyàn ò mọ̀ nìyí: wéésìgéètì kì í fún ọkọ̀ lágbára. Kò ní afẹ́fẹ́ kankan nínú tó fẹ́ fún ọ. Epo ló ń jó, tó ń di ooru, ooru ló ń gbé èéfín lọ ti fáànù ẹ̀yìn tọ́bò, fáànù iwájú a wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Gbogbo iṣẹ́ tí wéésìgéètì ń ṣe ni pé bó bá ti tó, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan kí èéfín díẹ̀ gba ẹ̀yìn fáànù kọjá. Pẹ̀lú epo tí ilé iṣẹ́ ṣètò sí 6BT ti DAF, ẹ ò bá yí ọ̀pá yẹn di àárọ̀ ọ̀la, ẹ ò ní rí 34. Àpọ̀jù epo ló ń lé e débẹ̀.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ló gorí ara wọn lọ́kọ̀ ẹ: róbà tó ń jò, ọ̀pá tí wọ́n fi wo róbà sàn, pọ́ǹpù tí wọ́n fi wo ọ̀pá sàn. O ti tún róbà ṣe. Ó ku méjì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ lọ. Bí o bá dá ọ̀pá padà tí epo ṣì pọ̀, afẹ́fẹ́ á dín kù, epo ò ní dín kù, èéfín á wá gbóná ju ti ìsinsìnyí lọ. Ibẹ̀ ni písítìn ti ń yọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG · Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. LAUTECH ni mo wà, mẹkáníkà ni mò ń kà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Ìdí tí ilẹ̀kùn yìí fi wà: ẹ́ńjìnnì tó ń yí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ń tú èéfín jáde púpọ̀ ju èyí tó ń yí 1,400 lọ. Bí ẹ bá fi ilé fáànù tó tóbi sí i kó lè gba ti 2,500, ọkọ̀ á máa sùn ní 1,400. Bí ẹ bá fi kékeré sí i kó lè tètè jí ní 1,400, ní 2,500 fáànù á sáré ju agbára rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá àárín tọ́bò irú èyí lè yí ju 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ilẹ̀kùn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ilé kékeré sí i láìpa fáànù. Lẹ́tà W tó wà lẹ́yìn HX35 gan-an, wéésìgéètì ló dúró fún. Láti 1905 tí Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ lórí pé kí èéfín máa yí fáànù, ìṣòro kan náà la ṣì ń bá fà á: èéfín ò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ìbéèrè tèmi: álúmínọ́mù ń yọ́ ní 660°C. Mo sì ń gbọ́ tí àwọn awakọ̀ ń sọ pé 700°C níwájú tọ́bò ò burú. Báwo ni písítìn ò ṣe yọ́?

ÌyáNọ́sù_Owódé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

O káre, ọmọ mi. 700 yẹn, èéfín ni, kì í ṣe ara písítìn. Ìgbà díẹ̀ ni iná fi ń kàn án, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tútù á wọlé. 6BT sì ní nọ́sù kéékèèké nísàlẹ̀ tó ń fín ọ́ìlì sábẹ́ písítìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kó máa jókòó sí 700 o. Gùnkè fún ìṣẹ́jú kan kó kàn án, èmi ò ní pariwo. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà níbẹ̀ tòun ti ẹrù, gbé ẹsẹ̀ kúrò kí o yí jíà sílẹ̀.

Atẹná_Akẹ̀sán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:03 ọ̀sán

Ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù. 1905! Ọkọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ sọ, ẹ ń sọ ìtàn. Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́.

ÌyáNọ́sù_Owódé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:09 ọ̀sán

Atẹná, yà sí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tó o bá ń kọjá. Tọ́bò kan wà lórí tábìlì mi, ewé fáànù iwájú rẹ̀ méjì ló kù. Mo fi ń ti ilẹ̀kùn kó má bàa padé.

ỌmọAjílété · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 alẹ́

Ó ti yé mi, màmá. Àmọ́ mo ti gba owó ẹrù iṣu lọ́wọ́ àwọn ìyá kan l'Ọ́jà Wàzò fún Ọjọ́bọ̀. Ṣé kí n kó o ni?

Baba911, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ọ̀pá yẹn? Mẹkáníìkì mi ní ojú lòun fi ń mọ̀ ọ́n.

Baba911 · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Dá owó àwọn ìyá padà tàbí kí o bá wọn wá ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí o bá ti tún un ṣe tán, wọn ò ní kọ̀ ọ́.

Ó dáa, jókòó. Kì í ṣe iṣẹ́ ojú. Agolo yẹn, róbà pẹlẹbẹ kan àti sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti róbà, sípíríǹgì ń dá a padà. Bí afẹ́fẹ́ bá borí, ọ̀pá á jáde, á ti apá kékeré tó wà lára tọ́bò, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí ọ̀pá bá kúrú, sípíríǹgì ti fún pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i kó tó lè ṣí i. Bí ọ̀pá bá gùn, ó rọrùn láti ṣí. Nítorí náà kí búùsìtì, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fẹ́, lè dín kù, gígùn ni o máa gùn ún. Àwọn agolo kan wà tí ọ̀pá wọn ò ní òwú rárá, ìyẹn ò ṣeé yí, à fi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tìrẹ ní òwú, orí ẹ ló yọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí mẹkáníìkì rẹ ò rò. Ibi tí ọ̀pá lè nà dé ní òpin. Bí òwú yẹn bá jẹ́ mílímítà kan fún yíyí kan, mílímítà méje ló ti jẹ kúrò nínú ìrìn ọ̀pá yẹn. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá tiẹ̀ wá ṣí, kò ní lè ṣí tán. Á kàn là fẹ́ẹ́rẹ́, èéfín tó yẹ kó jáde ò ní jáde tó. Ìdí tí tìrẹ fi ń dé 34 nìyẹn.

Báyìí ni wàá ṣe é. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, àárọ̀ ló dáa jù. Ọ̀pá ò ṣeé yí tó bá ṣì wà lórí pín-ìnnì rẹ̀, o gbọ́dọ̀ yọ kílíìpù kékeré tó dì í mú. TẸ́ ÀKÍSÀ SÍSÀLẸ̀ KÍ O TÓ YỌ Ọ́. Mi ò kì í pariwo níbí, ṣùgbọ́n kílíìpù yẹn máa ń fò bí eéṣán.

Tí ọ̀pá bá ti kúrò, fi ọwọ́ gbọn apá ilẹ̀kùn yẹn síwá sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ geerege. Bó bá há, èérú àti ìpẹtà ló wà níbẹ̀, fi ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí i kó sùn mọ́jú. Bí o bá yí ọ̀pá lórí ilẹ̀kùn tó há, asán lo ń ṣe. Fọwọ́ di fáànù iwájú mú náà, tì í, kí o fà á: ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì.

Gba ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà lọ wàyí. Pọ́ǹpù rẹ̀ le jù fún agolo yìí, bí o bá so ó mọ́ ọn tààrà, róbà inú rẹ̀ á ya. Yá táyà bárò kan. Yọ fáàfù inú rẹ̀, so ó pọ̀ mọ́ agolo àti mọ́ ẹnu ìfẹ́fẹ́ tó ní gẹ́ẹ̀jì, fi ojú-ọ̀nà-mẹ́ta irú èyí tí wọ́n ń fi sí róbà omi wàípà. Táyà bárò yẹn á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gorí díẹ̀díẹ̀. Láìsí i, ọwọ́ gẹ́ẹ̀jì á fò láti 0 dé 40 kí o tó ṣẹ́jú. Má ṣe kọjá 30.

Fi ọ̀dà funfun tó o lò fún àṣìkọ nínú ìwé fi àmì sára ọ̀pá, níbi tó ti jáde nínú agolo. Gbé fóònù rẹ sí ibi tó ti lè ya ọ̀pá àti gẹ́ẹ̀jì pọ̀. Nǹkan tí o fẹ́ mọ̀ ni nọ́ńbà tó wà lórí gẹ́ẹ̀jì nígbà tí àmì funfun kọ́kọ́ mì. Ìyẹn ni ibi tí ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lórí títì, búùsìtì á fi psi mélòó kan ju nọ́ńbà yẹn lọ kó tó dúró. Fún ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ pẹ́, èmi ò ní kọjá 19 níbẹ̀.

Ohun ìkẹyìn: tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ihò orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ kùnà pín-ìnnì díẹ̀, kó jẹ́ pé o fa ọ̀pá jáde kó tó wọ̀ ọ́. Bí ihò bá kọjá pín-ìnnì, ilẹ̀kùn ò tì dáadáa nìyẹn, tọ́bò á máa lọ́ra láti jí.

Ṣọ́fẹ̀rì_Ìlọrin · Ọjọ́rú, 5:58 àárọ̀

Táyà bárò! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Baba911 rẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rọ tó ju ìyẹn lọ ba agolo méjì jẹ́.

ỌmọAjílété · Ọjọ́bọ̀, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo dá owó iṣu padà. Ìyá kan bú mi díẹ̀, mo gbà á.

A ṣe é láàárọ̀ yìí ní ẹ̀gbẹ́ Tákìé. Mẹkáníìkì mi gbà láti jọ ṣe é, kódà òun ló mú ojú-ọ̀nà-mẹ́ta wá. Mo tẹ́ àkísà. Kílíìpù ò bọ́ sórí àkísà. Ó gbé ara rẹ̀ fò kọjá ẹsẹ̀ táyà, ó wọ inú iyanrìn. A fi ààbọ̀ wákàtí wá a, ọmọṣẹ́ kan fi màgínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́ wọ́ gbogbo ilẹ̀. A rí nọ́ọ̀tì mẹ́rin àti ìṣó, a ò rí kílíìpù. Mẹkáníìkì ní ká fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin dè é. Mo kọ̀. Mo ní bí wáyà bá já lórí òkè, èéfín fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á sì tún rọ bíi ti ọjọ́ Ẹtì. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ gẹ̀ẹ́sì fún. A ra kílíìpù méjì, ọ̀kan fún ìfipamọ́.

Apá ilẹ̀kùn lọ geerege, kò há. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, àmì funfun ò mì ní 15, kò mì ní 20, kò mì ní 25. Ní 27 ló yọ orí. Ojú mẹkáníìkì mi yí padà. A gùn ún ní yíyí méjì: 23. Méjì sí i: 19 géérégé. Mo fún nọ́ọ̀tì padà, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà gba orí nọ́ọ̀tì àti ọ̀pá kí n lè mọ̀ bó bá yí. A tún fi omi ọṣẹ kun gbogbo ìdè róbà íńtákúlà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ibì kan hó fútẹ̀fútẹ̀ nísàlẹ̀ ọwọ́ òsì, a fún kílíìpù rẹ̀.

Mi ò tíì di ẹrù. Màmá, ọjọ́ wo ni kí n gbé pọ́ǹpù wá?

Baba911 · Ọjọ́bọ̀, 4:40 ìrọ̀lẹ́

27 sí 19 ní yíyí mẹ́rin: psi méjì fún yíyí kan. Ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn wàyí. Yọ yíyí méje kúrò nínú 27, ó ku 13 tí ọ̀pá wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn á sì fún ọ ní 17 tàbí 18 lórí títì. Tọ́bò yẹn ò ní àlébù kankan láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

ÌyáNọ́sù_Owódé · Ọjọ́bọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Má tú pọ́ǹpù fúnra rẹ. Wa ọkọ̀ wá lófìfo, jẹ́jẹ́, ní Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mò ń lọ ra nọ́sù epo n'Íbàdàn, mi ò ní sí nílé. A tún máa lu ihò sí manifóòdù èéfín fún gẹ́ẹ̀jì ooru, nítorí náà mẹkáníìkì rẹ gbọ́dọ̀ bá ọ wá, òun ló máa sọ̀ tọ́bò kalẹ̀. Èmi kì í lu manifóòdù tí tọ́bò wà lórí rẹ̀. Kódà bí mo bá fi gírísì kun bíìtì kí irin lílù lè lẹ̀ mọ́ ọn, ẹyọ kan tó bá bọ́ sínú fáànù ti tó.

ỌmọAjílété · Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, 9:10 alẹ́

Mo ti dé láti Bódìjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Nígbà tí màmá gbé pọ́ǹpù sórí ẹ̀rọ, ìgò mẹ́fà ló tò sílẹ̀, ìgò kan fún sìlíńdà kan. Mo rò pé gbogbo wọn á kún bákan náà. Ìgò kẹta kún ju ìgò karùn-ún lọ, ojú lásán rí i. Màmá ò sọ̀rọ̀, ó kàn wo mẹkáníìkì mi. Ó tò ó, ó dín in kù, àmọ́ ó fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí ti ilé iṣẹ́ torí pé tọ́bò yìí lè gbà á. Ó fi òjé tuntun dì í.

Mo di iṣu lówùúrọ̀ òní, mo gba odò Ọbà kọjá, mo gun òkè ọjọ́sí. Búùsìtì dúró sí 23. Ooru èéfín gorí 590, ó dé 640°C nígbà tí tìrélà kan dá mi dúró tí mo tún gbéra, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Èéfín dúdú yọ fìrì bí mo ṣe tẹ tọ́rótù, ó lọ. Kò fò bíi ti ọ̀sẹ̀ náà, àmọ́ ó gùnkè ní jíà tí kì í fi í gùn ún tẹ́lẹ̀, omi radiétọ̀ ò sì gbóná.

Ohun kan ṣoṣo: lórí títẹ́jú, tí mo bá tẹ tọ́rótù dé ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń sáré gan-an, ó ń rá díẹ̀díẹ̀ láti 23 lọ sí 25. Ṣé kí n tún gun ọ̀pá?

ÌyáNọ́sù_Owódé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:34 alẹ́

Má fọwọ́ kàn án. Èéfín ti pọ̀ ju ohun tí ihò ilẹ̀kùn yẹn lè gbà lásìkò náà ni. Psi méjì ò pa ẹnikẹ́ni. Bó bá kọjá 28, pè mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yẹ ìlà funfun rẹ wò, kí o sì fún kílíìpù róbà tuntun yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí róbà máa ń jókòó.

Atẹná_Akẹ̀sán · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:02 alẹ́

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gẹ́ẹ̀jì ooru yẹn ní Ọ̀yọ́, kó sọ. Kì í ṣe tèmi o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè.

Baba911 · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:05 alẹ́

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó kọ́kọ́ yọ bóòtì 6 yẹn lẹ́nu róbà.